Aró Inú Agolo Tí Mo Fi Pamọ́ fún Ọ

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì,
Ọjọ́ Ẹtì.

Mojísọ́lá ọmọ mi, Àdùkẹ́ tèmi,

Lẹ́tà rẹ dé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo ká a sínú Bíbélì mi, mo tún yọ ọ́ síta. O ní o ti fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀. O ní o ti gba yàrá méjì ní Ìbàdàn, o ti ra ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́rin, o ti gba télọ̀ mẹ́rin sí i, àti pé láti ìsinsìnyí lọ, aṣọ tí a fọwọ́ hun, tí a rẹ sí aró ẹ̀lú, ni wàá máa rán tà, kò ní sí iṣẹ́ mìíràn mọ́. O ní ṣọ́ọ̀bù kan ní ìlú òyìnbó fẹ́ ọgọ́rùn-ún aṣọ kí ọdún yìí tó parí, kí n bá ọ wá àwọn ahunṣọ sí i ní Ìsẹ̀ àti Emùré. Nísàlẹ̀ pátápátá lo wá kọ ọ́ pé, "Màámi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yìí."

Mo fẹ́ kí o wá ibi jókòó kí o tó ka èyí tó kù. Má kà á níwájú àwọn télọ̀ rẹ. Yorùbá tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ níléèwé fún ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń kọ ọ́, kì í ṣe bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ní ulé wa, torí mo fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ yé ọ yékéyéké. Màá gbà ọ́ nímọ̀ràn níbi tí agbára mi bá mọ, ṣùgbọ́n mi ò ní tàn ọ́. Mi ò rí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yìí máa gbà parí sí rere.

Àwọn ènìyàn rẹ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ tí o ti ń sọ fún mi pé àwọn obìnrin kan wà ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Kánádà, tí ẹ jọ ń kọ̀wé síra yín lójoojúmọ́ lórí kọ̀ǹpútà, nípa aṣọ tí kì í ba ilẹ̀ àti omi jẹ́, nípa bí ènìyàn ṣe lè ra aṣọ kan kó wọ̀ ọ́ fún ogún ọdún. Mi ò rí i rí. Nígbà tí mo lọ sí Adó nítorí ìwé ìfẹ̀yìntì mi, mo ya ilé kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, mo sì fún obìnrin tó ń bójú tó o ní bébà tí o kọ orúkọ ibẹ̀ sí.

Ohun tó kọ́kọ́ jáde ni fọ́tò mi, èyí tí o yà lẹ́yìnkùlé nígbà tí ọwọ́ mi méjèèjì dúdú dé ìgúnpá. Obìnrin náà wo fọ́tò, ó wo ojú mi, ó dìde lórí àga, ó kúnlẹ̀, ó tún mi kí. Ó ní òun kò mọ̀ pé irú ènìyàn báyìí ló wọlé. Mo wá ka ohun tí o kọ sábẹ́ rẹ̀: pé èmi Bọ́láńlé ni mo jí iṣẹ́ ẹ̀lú dìde ní Ìkẹ́rẹ́ nígbà tí ó ti fẹ́ parun, pé ogún obìnrin ló ń hunṣọ lábẹ́ mi, pé kẹ́míkà kò kan aṣọ wa rí.

Lẹ́yìn náà ni mo ka ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn rẹ. Wọ́n pọ̀. Wọ́n ń pè mí ní ìyá, àwọn tí mi ò mọ̀ rí. Ọ̀kan tó wà ní Kánádà kọ ọ́ pé nígbà tí ìyá òun kú, aṣọ wa ni òun fi wé e kí wọ́n tó sin ín, nítorí òun kò fẹ́ kí ohun èké kankan bá ìyá òun wọlẹ̀.

Mi ò lè kà á tán. Mo dìde, mo lọ jókòó sí gáréèjì, ọkọ̀ Ìkẹ́rẹ́ méjì kún, wọ́n lọ, mi ò wọ ìkankan nínú wọn.

Àdùkẹ́ mi, aró tí mo ti ń rẹ fún ọ láti ọdún tó kọjá, inú agolo ni mo ti ń bù ú.

Mo mọ̀ pé wàá tún ìlà yẹn kà. Tún un kà. Ọgbọ̀n aṣọ àkọ́kọ́ tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ, ẹ̀lú ni lóòótọ́. Ìyá àgbàlagbà kan ní Ìlúmọba ló ń já ewé rẹ̀ fún mi. Nígbà tí ó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣán ibẹ̀, wọ́n gbin ẹ̀gẹ́. Mo lọ sí Ìró, mo lọ sí Ìlasà, mo ń bi àwọn ènìyàn bóyá wọ́n ní ẹ̀lú lóko, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ kò tilẹ̀ mọ ohun tí mo ń pè bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lú aró agolo mọ́ ìwọ̀nba tó kù lọ́wọ́ mi. Nígbà tó yá, ẹ̀lú tán, agolo nìkan ló kù. Akúrẹ́ ni mo ti ń rà á, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí, pẹ̀lú sódà tí wọ́n fi ń lò ó, irú èyí tí wọ́n fi ń se ọṣẹ. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ń da omi rẹ̀ sí, ó sì ń ṣàn lọ sínú odò kékeré tó wà nísàlẹ̀ wa. Kókò tí bàbá rẹ gbìn sí etí ibẹ̀ kó tó kú ti jóná tán.

Ní ti ogún obìnrin, mẹ́ta ni wọ́n. Ẹ̀bi tìrẹ kọ́. Nígbà tí o wá ya fọ́tò, èmi ni mo pe àwọn aládùúgbò kún wọn, tí mo ní kí wọ́n jókòó sídìí òfì. Nínú àwọn mẹ́ta yìí, ojú ọ̀kan ti ń ṣú, èkejì sì ti sọ fún mi pé tí Kérésìmesì bá kọjá, òun ò hun mọ́. Kò sí ahunṣọ kankan ní Ìsẹ̀ tàbí Emùré tí mo lè bá ọ wá. Àwọn tó mọ̀ ọ́n hun ti kú, àwọn ọmọ wọn sì ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní Adó, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi.

Wàá bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ, ohùn rẹ lórí fóònù ni ohun tí mo fi ń mọ̀ pé ọjọ́ kan ti kọjá. Bí o bá ti sọ pé, "Màámi, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀," ara mi á yá. Mi ò fẹ́ kí ohùn yẹn yí padà. Kò sí ìdí mìíràn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo máa ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó ṣáájú ló burú jù, òun náà sì ni mi ò sọ fún bàbá rẹ títí ó fi kú.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ṣe ìjọba lé wa lórí, kò sí ẹni tó tíì ń sọ̀rọ̀ Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Ọlábísí. Láti kékeré la ti jọ ń rìn, oúnjẹ ilé wọn ni mo jẹ dàgbà. Ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Àìná, ṣùgbọ́n Ìyá Aláró ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Èmi ń pè é ní Yèyé, bí Bísí ṣe ń pè é. Ó ní ìkòkò ńlá mẹ́fà lábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn ilé. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Á ti ìka bọ aró, á tọ́ ọ wò lórí ahọ́n, bí kò bá tíì pé, kò sí ẹni tó lè mú un ki aṣọ bọ̀ ọ́.

Obìnrin kan wà tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìbàdàn, tó ń ta aṣọ fún àwọn òyìnbó. Ó rí kíjìpá tí Yèyé bá mi rẹ, tí mo ró lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan níbẹ̀, ó ní òun fẹ́ ọgọ́ta irú rẹ̀ kó tó di Àjíǹde. Mo ní kò burú, mi ò bi Yèyé. Nígbà tí mo dé ilé, mo gé káàdì kéékèèké, mo kọ ọ́ sí ara wọn ní èdè òyìnbó pé ọwọ́ la fi hun aṣọ yìí, ẹ̀lú nìkan la fi rẹ ẹ́. Inú mi dùn gan-an sí àwọn káàdì náà. Mo kọ gbogbo ọgọ́ta tán kí a tó rẹ aṣọ kan ṣoṣo.

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyẹn, ọmọ mi. Má kọ ọ̀rọ̀ sára aṣọ tí kò tíì sí. Bí o bá ti kọ ọ́, ọ̀rọ̀ yẹn á máa lé ọ, wàá sì ṣe ohunkóhun kó má baà di irọ́, títí kan irọ́ tó ju òun gan-an lọ.

Mo wá lọ sọ fún Yèyé. Ó wo àwọn ìkòkò rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka ṣírò. Ó ní, "Mẹ́rìndínlógún ni mo lè ṣe kó tó dìgbà yẹn. Lọ sọ fún un pé mẹ́rìndínlógún." Ojú tì mí láti padà lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún obìnrin Ìbàdàn. Ó ti bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ nǹkan, ó ti pè mí ní Míìsì. Torí náà mi ò lọ.

Èkejì nìyẹn. Iye tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ bá sọ fún ọ ni iye tó wà. Má fi kún un. Bí ọgọ́rùn-ún bá wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, tí mẹ́fà sì wà lẹ́nu ahunṣọ, mẹ́fà lo ní. Àwọn ènìyàn orí íńtánẹ́ẹ̀tì kò lè rí ọwọ́ ẹni tó ń hun ún láti ibi tí wọ́n wà, ìwọ nìkan lo lè rí i, ìwọ nìkan lo sì lè sọ pé ó tó. Èmi ni mo yẹ kí n ti sọ ọ́ fún ọ, mi ò sọ ọ́, mo sì jẹ́ kí o máa kà á bí ẹni pé ó wà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí Yèyé ti rẹ mẹ́rìndínlógún náà tán, àbúrò rẹ̀ bímọ ní Ìlasà, Yèyé sì lọ síbẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Ọjọ́ kejì tí ó lọ ni mo wọ lọ́rì lọ sí Akúrẹ́, mo ra aró agolo àti sódà. Wọ́n fún mi ní bébà kan tí wọ́n tẹ ìlànà rẹ̀ sí. Mo kà á nínú lọ́rì. Ó wà níbẹ̀ kedere pé omi la máa kọ́kọ́ bù, kí a wá máa da sódà sínú omi náà díẹ̀díẹ̀, kí a má da omi lu sódà láéláé, kí ẹnikẹ́ni má sì kúrò nídìí rẹ̀. Mo kà á gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ṣe ń ka ohun tó rò pé òun ti mọ̀. Mo ká a sínú báàgì.

Ọ̀sán ni mo dé ilé Yèyé. Bísí ti lọ sọ́jà. Ìkòkò kan wà tí Yèyé máa ń se omi eérú sí, èyí tí ó fi ń po ẹ̀lú. Mo da omi eérú inú rẹ̀ nù, mo da sódà sí i, mo bu omi díẹ̀ lé e. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná fúnra rẹ̀, láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo dé e, mo wọ inú ilé lọ wá bébà nínú báàgì mi.

Bísí dé látọjà ní àkókò yẹn. Iṣẹ́ tí Yèyé fi sílẹ̀ fún un ni pé kó máa bu omi kún ìkòkò eérú lọ́sàn-án. Ó ṣí ìdérí. Ó bu igbá omi kan, ó dà á sínú rẹ̀.

Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá. Mi ò ní kọ bí ohùn yẹn ṣe rí.

Àwọn aládùúgbò sáré wá, wọ́n ń da omi sí i lójú, wọ́n rí lọ́rì kòkó kan tó ń lọ sí Adó, wọ́n gbé e sí i. Wọ́n ń pè mí pé kí n wọlé tì í. Mo ní mò ń bọ̀. Mojí, kí n tó wọ lọ́rì náà, mo sáré padà sẹ́yìn ilé, mo da ìkòkò yẹn nù sínú igbó, mo fi omi ṣàn án, mo kó agolo àti ìyókù sódà sínú báàgì mi. Ọ̀rẹ́ mi ń ké lórí lọ́rì, mo ń fọ ìkòkò.

Ojú òsì rẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà. Ojú ọ̀tún ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ní bíi pé èéfín wà níwájú òun nígbà gbogbo.

Nígbà tí wọ́n bi mí, mo ní inú ilé ni mo wà, pé omi eérú ló hó lù ú. Wọ́n gbà mí gbọ́ torí pé olùkọ́ ni mí. Yèyé dé láti Ìlasà, gbogbo ènìyàn sì dojú kọ ọ́. Wọ́n ń bi í pé kí ló fi sínú ìkòkò. Ó ní eérú àti omi ni. Àwọn kan ní irọ́ ni, pé ó ní ohun tó ń fi aró ṣe. Bísí fúnra rẹ̀, nínú ìrora rẹ̀, bi í bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Yèyé wá sí ilé àwọn òbí mi. Kò jókòó. Ó ní, "Bọ́láńlé, ìwọ lo kàwé nínú gbogbo wa. Uṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti kékeré rè é. Ṣé eérú lè ṣe bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, Yèyé, bí ó bá pẹ́ jù nínú ìkòkò."

Ó mi orí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ yẹn ló ti gbà pé òun lòun fọ́ ojú ọmọ òun. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ ìkòkò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kò rẹ aṣọ mọ́ láyé rẹ̀. Bísí lọ́kọ sí Emùré, kò sì jẹ oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ sè mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni Yèyé kú, wọ́n sì ti bo ilẹ̀ tán kí Bísí tó dé.

Àwọn aṣọ ńkọ́? Mo parí wọn. Mo fi aró agolo rẹ mẹ́rìnlélógójì tó kù ní ẹ̀yìn ilé àwọn òbí mi, mo so káàdì mọ́ gbogbo wọn. Obìnrin Ìbàdàn ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Ibẹ̀ ni orúkọ mi ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn iléèwé ń pè mí kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀lú. Wọ́n ní bí kì í bá ṣe tèmi, ibi tí Ìyá Aláró fi iṣẹ́ ẹ̀lú sí ni ì bá kú sí. Mo ń gba ìyìn náà, mo ń kúnlẹ̀, mo ń dúpẹ́. Ìtàn tí o gbọ́ láti kékeré nìyẹn, tí o gbé sójú ìwé rẹ. O kò pa irọ́ kankan. Ohun tí mo fi tọ́ ọ dàgbà lo sọ fún wọn.

Mi ò mọ iye ìmọ̀ràn tí mo ti kà báyìí. Èyí ni mo fẹ́ kí o mú jù. Bí ẹnikẹ́ni bá fara pa nídìí iṣẹ́ rẹ, ìbáà jẹ́ abẹ́rẹ́ ló gún télọ̀ rẹ lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ sáré lọ. Ohun tí o bá kọ́kọ́ sáré lọ fọ̀ ni yóò sọ ẹni tí o jẹ́, kò sì sí ọdún tí yóò yí i padà. Mo ti gbìyànjú. Mo kọ́ ọmọ bí ẹgbẹ̀rún kan, mo há Bíbélì sórí, mo fẹ́ ọkùnrin rere, mo bí ọ.

Kí o sì máa dárúkọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Má fi ìyá kan ṣoṣo ṣe ọ̀ṣọ́ sójú ìwé. Ká ní mo ti dárúkọ Àìná lójú ayé láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n ní òun ló mọ̀ ọ́n, èmi ò mọ̀ ọ́n, bóyá ẹnì kan ì bá ti lọ kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó ṣe ń tọ́ aró wò lórí ahọ́n tí ó ń mọ̀ pé ó ti pé, mi ò kọ́ ọ. Kò sí ẹlòmíràn tó kọ́ ọ. Ó ti lọ.

Kọ̀wé sí ṣọ́ọ̀bù náà, kí o sọ fún wọn pé kò sí ọgọ́rùn-ún aṣọ, pé mẹ́wàá pàápàá kò sí. Kọ̀wé sí àwọn obìnrin rẹ, kí o sọ pé láti orí aṣọ kọkànlélọ́gbọ̀n, aró agolo ni. Sọ pé èmi ni mo ṣe é, ìwọ kò mọ̀. Yọ fọ́tò mi kúrò. Ẹni tó wà ní Kánádà, mi ò mọ ohun tí wàá sọ fún un. Mo jókòó fún odindi òwúrọ̀ kan, mo ń kọ ọ̀rọ̀ tí wàá lè fi ránṣẹ́ sí i, mo sì fà á ya. Aṣọ ti wà nínú ilẹ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀.

Ó wù mí kí n sọ fún ọ pé bí o bá sọ òótọ́, wọ́n á tún fẹ́ràn rẹ sí i. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ gbọ́. Mo rò pé wọ́n á lọ. Mo rò pé ẹgbẹ́ tí ẹ ti fi ọdún méjì kó jọ á tú láàárín ọ̀sẹ̀ kan, báńkì kò sì ní gbà ọ́ padà, àwọn télọ̀ mẹ́rin yẹn á wá ibòmíràn lọ. Èmi ni mo fà á. Bí o bá tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ méjì. Lọ sí oko fúnra rẹ, fi ojú ara rẹ rí ewé ẹ̀lú, kí o wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń rẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ oko tí wàá lọ fún ọ, nítorí mi ò mọ èyí tó kù.

Ọjọ́rú yìí ni mo lọ sí Emùré. Mo gbàgbọ́ pé kò tọ́ kí o gbọ́ ọ ṣáájú Bísí. Ó jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, ọwọ́ ló fi ń wá a. Ó mọ ohùn mi kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Bọ́láńlé, o ti pẹ́," ó sì ní kí wọ́n gbé àga wá fún mi. Mi ò jókòó. Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí káàdì títí dé orí ìbéèrè tí Yèyé bi mí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí.

Nígbà tó yá, ó ní, "Ṣé Yèyé mọ̀ kó tó kú?"

Mo ní kò mọ̀.

Ó ti igbá ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wá ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá síbí. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo ní kí àwọn ọmọ sọ pé mi ò sí nílé. Èyí tó wá kẹ́yìn, mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́ ọ. Ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n máa mú mi lọ́wọ́ tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú."

Mo bẹ̀ ẹ́. Kò sọ pé òun dárí jì mí, kò sì sọ pé òun kò dárí jì mí. Ó ní kí n dìde, pé orúnkún mi á máa dùn mí. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó fẹ́. Ó ní òun ń bọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ ní Sátidé. Ó ní, "Níbi tí wọ́n sin ín sí ni wàá ti sọ ọ́, lójú gbogbo ẹbí. Wàá sọ ọ́ sókè. Èmi náà máa wà níbẹ̀, torí mo ní ọ̀rọ̀ tèmi láti sọ fún un."

Ọ̀la ni Sátidé. Àwọn ẹbí Yèyé ti gbọ́ pé ọ̀rọ̀ kan wà, wọn ò mọ ohun tí ó jẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo Ìkẹ́rẹ́ á ti mọ̀, á sì dé Ìbàdàn. Màá fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀ kan tó ń lọ sí Ìbàdàn nírọ̀lẹ́ yìí, torí mo fẹ́ kó jẹ́ pé ẹnu mi lo ti gbọ́ ọ. Má wá wò mí. Bí o bá fẹ́ wá, Emùré ni kí o lọ, kí o kúnlẹ̀ kí Bísí, kí o má sọ ọ̀rọ̀ aṣọ fún un.

Láti àárọ̀ ni mo ti ń dán an wò nínú yàrá, bí màá ṣe sọ ọ́. Ìlà àkọ́kọ́ kò jáde. Torí náà mo jókòó, mo da lẹ́tà yìí kọ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún ọ, ọ̀kan tí màá mú dání lọ síbi sàréè. Bí ohùn mi bá kọ̀, màá nà án sí ọmọ Bísí kan, kó kà á fún wọn.

Èmi ni,
ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Bọ́láńlé.